Àwọn Wáyà Tí Mo Tú ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì

Láàárọ̀ òní mo nu tábìlì iṣẹ́ mi, mo to wáyà tuntun sí apá òsì, mo da àwọn nọ́ọ̀tì wọn sínú àwo, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan. Bí mo bá parí rẹ̀, màá gbé e lọ síwájú gbogbo ìlú wa, Roccalvina, lọ́jọ́ ìbùkún kẹ̀kẹ́, màá sì fi ẹnu ara mi tú àṣírí ara mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ lórí àwọn ọ̀nà funfun wa, ẹ̀yin ni mo ń sọ ọ́ fún ṣáájú, torí dókítà ní ọkàn mi ti dà bíi pọ́ńpù tí rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó: ó lè fẹ́ lónìí, kó má fẹ́ lọ́la. N kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀. Èmi Nevio Bardacci, tí ẹ ń pè ní ọ̀gá, èmi ni mo ba ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó sọ Ilario ọ̀rẹ́ mi di arọ jẹ́. Kì í ṣe Fosca, ọmọ iṣẹ́ mi. Fosca kò ṣẹ̀ mí, àfi pé ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ bí ìwà mi ṣe burú tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wáyà inú rẹ̀ ń ru èèyàn bí òpó ṣe ń ru òrùlé. Irọ́ ni. Ẹyọ wáyà kan kò lè ru ológbò. Bí ẹ bá tì í, yóò tẹ̀. Fífà ni agbára rẹ̀ wà. Ẹ rántí bí a ṣe ń di etí àwọ̀n mú lábẹ́ igi ólífì nígbà ìkórè: kò sí ẹni tó lágbára jù nínú wa, ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá fà á dọ́gba, àwọ̀n náà yóò le, ẹ lè gbé ọmọ lé e. Ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan ni nọ́ọ̀tì kékeré kan wà létí rímù, irin róbótó tí táyà ń jókòó lé. Òun la fi ń fà á. Iṣẹ́ wa kò ju pé kí a fà á, kí a tẹ́tí, kí a tún fà á. Wáyà tó bá le tó máa ń dún bí a bá fi èékánná ta á. Èyí tó bá dẹ̀ kì í fọhùn. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Mo tú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bàbá mi kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, n kò mọ bí mo ṣe lè tò ó padà, bàbá mi nà mí, mo jókòó tì í tẹkún-tẹkún títí mo fi mọ̀ ọ́n tò. Láti ìgbà náà, kò sí òkúta kan lójú ọ̀nà àwọn òkè yìí tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí mo hun kò tíì tẹ̀. Ìyẹn ni ògo mi. Ìyẹn náà sì ni ó pa mí.

Fosca ni ọmọ Armida, obìnrin tó ń fún òróró ólífì lẹ́bàá odò. Ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún nígbà tó wọlé tọ̀ mí wá. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ kọ́ mi níṣẹ́.” Mo ní, “Girísì á ba ọwọ́ rẹ jẹ́.” Ó ní, “Òróró ti bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá a.” Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà á. Ojú ni èmi fi ń ṣiṣẹ́. Etí ni òun ń lò. Yóò di ojú, yóò fi èékánná ta àwọn wáyà yíká bí ẹni ń ta gìtá, yóò dúró lórí ọ̀kan, yóò ní, “Ọ̀gá, èyí ń parọ́.” Màá wò ó, n kò ní rí nǹkan kan. Màá fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́, lóòótọ́ ni yóò máa parọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, inú mi ń dùn sí i bí ẹni bímọ. Ní ọdún kejì, mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín mi nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ní ọdún kẹta, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wá láti òdìkejì àfonífojì nínú òjò, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá Nevio, ẹ kú iṣẹ́ o. Fosca ńkọ́?” Mo ní, “Kò sí nílé. Èmi wà.” Ó ní, “Mo rí yín, ọ̀gá. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, màá dúró dè é.” Ó sì dúró lóòótọ́. Orí àga mi ló jókòó lé, ó mu wáìnì mi, ó ń gbọ́n omi aṣọ rẹ̀ sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń dúró de ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú.

Nílé kọfí Màmá Settimia ni wọ́n ti wá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀sín. Ìyá arúgbó yẹn kì í fi ẹnu rẹ̀ sábẹ́ aṣọ. Ó gbé kọfí síwájú mi, ó ní, “Nevio, mo gbọ́ pé ọmọ iṣẹ́ rẹ ti di ọ̀gá. Ṣé ìwọ ló ń gbálẹ̀ fún un báyìí?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Mo ń gbálẹ̀, mo sì ń bu omi fún un.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni Ilario wà. Ilario ni ó ń ṣe wàràkàṣì ewúrẹ́ lókè Le Pernici, òun ni ó sì mọ kẹ̀kẹ́ gùn jù nínú gbogbo wa. Láti ìgbà èwe wa ni ó ti ń gun ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí mo bá hun. Ó gbá mi léjìká, ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, má bínú o. Ti ọdún yìí, Fosca ni màá ní kó hun ẹsẹ̀ iwájú fún mi. O ti ṣe é tó. Sinmi.” Ó ní sinmi! Ẹ̀yin ará, kò sí èébú tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yẹn. Kọfí náà korò lẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ mo ti fi ṣúgà sí i.

Ẹ mọ àṣà wa. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kan ṣáájú ìrìn ńlá tí a ń fi kẹ̀kẹ́ gba orí òkè lọ́dọọdún, gbogbo kẹ̀kẹ́ ni a ń tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Fádà Callisto á sì fi ewé ólífì wọ́n omi sí wọn lára. Láti ìgbà tí omi yẹn bá ti kàn án, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́ títí agogo ìdájí Sọ́ńdè yóò fi lù. Wọ́n ní ọwọ́ tó bá kàn án ti nu ìbùkún rẹ̀ nù. Ẹni tó dàgbà jù nínú àwa tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló ń ṣọ́ wọn. Èmi ni. Lọ́dún náà, kí Fádà tó dé, Fosca sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ta wáyà Bọ̀dá Ilario gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́la kí wọ́n tó gbéra. Wáyà tuntun máa ń jókòó.” Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo kọ́ ọ pé wáyà tuntun máa ń jókòó, pé ó máa ń dẹ̀ díẹ̀, pé ó yẹ kí èèyàn padà fà á. Ṣùgbọ́n mo gbé ohùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, mo ní, “Ṣé omi Fádà kò mọ́ tó lójú rẹ ni, ìyáàfin?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ó yà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìbùkún, wọ́n lọ jẹun lójúde ìlú, ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Oòrùn wà ní àárín ọ̀run. Mo ń gbọ́ ìró fọ́ọ̀kì lára àwo, mo ń gbóòórùn ọbẹ̀ ehoro, mo ń gbọ́ tí Ilario ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí mi yóò rò pé àdúrà ni mo ń gbà. Mo yọ sípánà, mo dẹ nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ ní ìdajì yíyí, mo dẹ ìkejì, mo ń bá a lọ yíká, mo ṣe gbogbo wọn dọ́gba, torí pé bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kódà nígbà tí mo ń bà á jẹ́, n kò lè ṣe é jágbajàgba. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì lórí òkè àkọ́kọ́, kí rímù máa ha bíréèkì ṣìì-ṣìì, kí Ilario sọ̀ kalẹ̀, kó bú Fosca, kó wá mi wá. N kò fẹ́ kó ṣubú. Mo mọ̀ pé gbogbo ọ̀daràn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí, ẹ fi etí sí i. Àwọn wáyà tí kò dọ́gba nìkan ló ń mú kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mì. Fosca ti fa tirẹ̀ dọ́gba débi pé nígbà tí mo dẹ gbogbo wọn dọ́gba, ó ṣì yí geere. Iṣẹ́ rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bo ìbàjẹ́ mi mọ́lẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó lo oṣù méjì lọ́dọ̀ mi ì bá ti mọ èyí. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi mọ̀ ọ́n, owú ti dí etí mi.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo wà nídìí tábìlì oúnjẹ lókè, níbi tí a ti ń fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní búrẹ́dì tí a bu òróró àti iyọ̀ sí. Mo ti fi sípánà sápò. Mo ń retí Ilario pẹ̀lú ojú kíkorò rẹ̀; mo tiẹ̀ ti ro ohun tí màá sọ: “Fi sílẹ̀, ọmọdé ni, jẹ́ kí n bá ọ wò ó.” Ìgbà tó dé, ẹ̀rín ló kún ẹnu rẹ̀, eruku funfun bo irùngbọ̀n rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ó bu búrẹ́dì jẹ, ó ní, “Nevio! Ọmọ yìí mọ iṣẹ́ o! Tìrẹ máa ń gbá mi nídìí lórí òkúta, ṣùgbọ́n tirẹ̀ rọ̀, ó ń rìn bí ẹni ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì.” Ó rọ̀! Dídẹ̀ tí mo dẹ̀ ẹ́ ló pè ní rírọ̀. Ìkà tí mo ṣe, Fosca ló ń gba oríyìn rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni pé mo ń fi ojú rí i: òkúta ti ń mi àwọn nọ́ọ̀tì, wọ́n ti ń tú sí i fúnra wọn. Lórí òkè, ìwúwo èèyàn ń lọ tààrà sísàlẹ̀, ó lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ Le Pernici ló kù, níbi tí ọ̀nà ti ń ṣẹ́ kọ́rọ́, tí ìwúwo ń ti ẹ̀gbẹ́ wá. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó dẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi dáhùn ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí n sọ: “Dúró.” Sípánà wà lápò mi. Ilario nu ẹnu, ó ní, “Má fajúro, ọ̀gá àtijọ́.” Ọ̀gá àtijọ́. Mo pa ẹnu mi dé. Mo tún bu òróró sí búrẹ́dì ẹlòmíì.

Ornella tó ń ṣe búrẹ́dì nílùú wa ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ó ní Ilario tẹ̀ sí kọ́rọ́ bó ṣe máa ń tẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ iwájú sì ká kò lábẹ́ rẹ̀ bíi fìlà tí èèyàn jókòó lé. Ìbàdí rẹ̀ ló fọ́. Wọ́n tò ó títí, kò tọ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá ló fi ń rìn tẹ̀lé ewúrẹ́ rẹ̀, kò sì gun kẹ̀kẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin rò pé èyí ni ó burú jù? Rárá. Èyí tó burú jù, ẹnu ni mo fi ṣe é. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ká náà wá sórí tábìlì mi, torí èmi ni adájọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró yí mi ká. Mo ta àwọn wáyà tó kù. Kò sí èyí tó fọhùn. Fosca wọlé, wọ́n yà fún un bí ẹni ń yà fún ẹni tó ní àrùn. Ó ní, “Ọ̀gá, mo fà wọ́n. Mo mọ̀ pé mo fà wọ́n. Mo gbọ́ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.” Ó wò mí lójú, ó tún ní, “Àbí mi ò fà wọ́n? Ọ̀gá, ẹ sọ fún mi. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá gbà.” Ẹ gbọ́: ohun tí mo bá sọ ni yóò gbà. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká bíi bàbá, mo ní, “O gbàgbé fífà ìkẹyìn, ọmọ mi. Irú rẹ̀ máa ń ṣe ẹni tí wọ́n bá yára yìn.” Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ni wọ́n. Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí àga, ó jáde. Kò hun ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́. Ilé oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ló ti lọ ń fọ abọ́. Bó bá kí Ilario lọ́nà, Ilario á yíjú sápá kejì. Àwọn oníbàárà padà wá bá mi, n kò sì ní parọ́ fún yín: ó dùn mọ́ mi. Mo sùn dáadáa.

Ó di ìgbà òtútù tó kọjá, ọkàn mi dá mi wó, mo wà lórí ibùsùn. Fosca gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wá fún mi. Ó bu ún, ó fẹ́ ẹ kó tutù, ó jókòó. Nígbà tó yá, ó ní, “Ọ̀gá, ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ yẹn, ẹlòmíì ì bá ti tàn mí. Ẹ̀yin sọ òótọ́ fún mi. Ká ní mo tún hun òmíràn ni, bóyá ǹ bá ti pa èèyàn.” Ọbẹ̀ náà dúró sí mi lọ́rùn. Ó rò pé ikọ́ ni, ó ń gbá mi lẹ́yìn. Ọwọ́ tí mo sọ di ọwọ́ apààyàn lójú ẹni tó ni ín, òun ló ń gbá mi lẹ́yìn kí n má bàa kú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sídìí tábìlì yìí láàárọ̀ òní. Mo dá ọ̀rọ̀ mi dúró níbí ná, ó di ọjọ́ ìbùkún.

Ọjọ́ ìbùkún ti kọjá, mo sì ṣì wà láàyè. Mo gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti bẹ Fosca kó wá. Ó wá pẹ̀lú aṣọ ìfọbọ́ lára. Fádà gbé ewé ólífì sókè, mo ní, “Fádà, ẹ dúró,” mo sì sọ ọ́, láti orí sípánà dé orí irọ́ náà. Nígbà tí mo parí, Màmá Settimia yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Ilario lè kọjá. Ilario fi ọ̀pá rìn wá síwájú mi. Ó ní, “Nevio, ì bá ṣe pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì ṣì pé ni, màá ta ọ́ nípàá kúrò nínú ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan tó kù yìí, òun ló gbé mi dúró.” Ó yí sí Fosca, ó ṣí fìlà, ó ní, “Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń yíjú kúrò lára rẹ, ọmọ dáadáa. Dárí jì mí.” Fosca ní, “Ẹ̀yin ò mọ̀, Bọ̀dá Ilario.” Lẹ́yìn náà ó wò mí. Ó ní, “Ìwọ mọ̀.”

Ó gba ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ó di ojú, ó ta wáyà rẹ̀ yíká, ó ní, “Ó dọ́gba.” Òmùgọ̀ èmi, inú mi dùn. Ó na ọwọ́: “Sípánà.” Mo fún un. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, títí gbogbo iṣẹ́ mi fi di òkìtì wáyà lórí épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Gbé ọwọ́ rẹ sórí òkúta yìí, kí n máa rí i.” Mo gbé méjèèjì síbẹ̀ níwájú Fádà àti gbogbo ìlú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìka rẹ̀ ń ṣìnà, ó ń tú, ó ń tún un ṣe, omijé ń bọ́ sórí rímù. Ó yá, ìka náà rántí. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, n kò lè fi ojú bá wọn mọ́. Èyí tí ó nira jù fún mi láti sọ nìyí: owú tún jẹ mí. Lẹ́yìn gbogbo ìjẹ́wọ́ yẹn, níbi tí ojú ti ń tì mí, ó tún gbérí, ó ní, ‘Wò ó, ó ṣì yá jù ọ́ lọ.’ Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró kí owú kú kí ẹ tó ṣe ohun tó tọ́. Kì í kú. Mo tẹ ọwọ́ mi mọ́ òkúta náà, mo sì jẹ́ kí ó jẹ mí.

Fosca fa èyí tó kẹ́yìn. Ó di àárín rẹ̀ mú, ó yí i, ó yí geere, ó ń yí lọ bí ẹni pé kò ní dúró mọ́. Ornella ló kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ síwájú, ó ní, “Fosca, tèmi ń ha bíréèkì láti ìgbà ìkórè. Bá mi wò ó, kí Fádà tó wọ́nmi sí i.” Ọkùnrin kan tò sẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tún tò sẹ́yìn ìyẹn, ìlà náà gùn kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi tó wà ní ṣíṣí, kò sí ẹni tó yà síbẹ̀. Fádà fi ewé ólífì sílẹ̀, ó ní omi òun yóò dúró de Fosca. Mo bi Fosca bóyá kí n máa lọ. Ó ní, “Mi ò tíì dárí jì ọ́. N kò mọ̀ bóyá màá lè ṣe é. Bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró pa nọ́ọ̀tì fún mi, kí o sì máa ṣe é níwájú mi.” Mo jókòó sí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ń fi òróró pa nọ́ọ̀tì.